Apá Òsì Mẹ́rìndínlógójì

"Ọmọ Afọṣọ, mélòó lo ti rán?"

Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀gá wa wà tó ti ń bèèrè, kò tíì bọ́ bàtà. Èmi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Òwú ti já mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì ń fi itọ́ pa á lórí kó lè wọ ojú abẹ́rẹ́. Ọ̀gá ti mú ẹfun lọ́wọ́. Pátákó dúdú kan wà lára ògiri, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé máa kọ́kọ́ rí. Orúkọ èmi àti ti ọmọbìnrin kejì ló wà lórí rẹ̀, àràárọ̀ sì ni ọ̀gá máa ń kọ iye ẹ̀wù tí kálukú wa ti rán síwájú orúkọ rẹ̀.

"Mọ́kàndínlógún ni, mà," ni mo dáhùn.

Ó kọ ọ́. Irọ́ ni mo pa. Méjìlá péré ni mo ti rán.

Ẹ má tíì bá mi wí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí inú ṣe ń bí mi tó lọ́sẹ̀ náà. Inú ń bí mi sí pátákó, inú ń bí mi sí ẹfun, inú ń bí mi sí ẹ̀rọ mi tó ń jẹ òwú bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ewé. Bí eṣinṣin bá bà sórí tábìlì mi, ìjà dé nìyẹn. Bí ọ̀gá bá sì pè mí ní "Ọmọ Afọṣọ", ṣe ni etí mi máa ń gbóná, bẹ́ẹ̀ òótọ́ kúkú ni, ìyá mi ń fọṣọ ní ilé ìwòsàn.

Láti ibi iṣẹ́ ìyá mi yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn fẹ́ gba àwọn nọ́ọ̀sì tuntun, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa rán ọgọ́ta ẹ̀wù fún wọn. Ìyá mi ló lọ bá olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ó ní òun mọ télọ̀ kan tí ọwọ́ rẹ̀ dán. Nígbà tí iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá wa, ó ní kí èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ girama wá, kí òun dán mi wò. Ó tún mú ọmọbìnrin kan tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́.

"Ẹ gbọ́ o," ló sọ fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Ẹnì kan ṣoṣo ni mo lè gbà síṣẹ́. Ọgbọ̀n ẹ̀wù nìyí fún ìwọ, ọgbọ̀n nìyí fún ìwọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ ní. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo bá kó wọn lọ, ọ̀kan nínú yín á dúró, ìkejì á gbalé ẹ̀ lọ."

Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ló máa dúró. Ẹ ò tíì rí ọwọ́ ìyá mi ni. Oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi ìfọṣọ àwọn aláìsàn ti bó o láwọ̀, àwọn ìka rẹ̀ ti pọ́n, wọ́n sì ti là. Bí ọ̀gá bá lé mi, àyè kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀ fún mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi nídìí ọpọ́n yẹn, bẹ́ẹ̀ ìyá mi sì ti búra pé ọwọ́ ọmọ òun kò ní wọ inú omi náà láé.

Kíákíá ni gbogbo wa ń pe ọmọbìnrin kejì. Orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Á tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, á máa kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sínú, kí ẹ tó wọ̀tún wòsì, ẹ̀wù kan ti parí. Kò gbéra ga, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ká ní èèyàn burúkú ni, ǹ bá rí ìdí kan di mú láti kórìíra rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fún mi kò dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí mo bá rán ìlà mẹ́ta, òwú á já. Bí òwú kò bá já, á máa fò, màá tún jókòó tú gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo la ẹnu mi, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ yìí ń..." Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Òṣìṣẹ́ tí ò mọṣẹ́ ló ń bú irinṣẹ́," ló wí, àwọn oníbàárà méjì tó wà níjòókòó sì rẹ́rìn-ín. Mo pa ẹnu mi dé láti ọjọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tún ń kó iṣẹ́ lé iṣẹ́ fún mi. "Ọmọ Afọṣọ, bá mi tú ọrùn ẹ̀wù yìí." "Ó dáa, mà." "Ọmọ Afọṣọ, bá mi to àwọn bọ́tìnnì wọ̀nyí." "Ó dáa, mà." Ó dáa, ó dáa, n kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ kò dáa rárá. Ẹ̀rín ló wà lójú mi, iná ló wà nínú mi.

Irọ́ náà bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kan tí Kíákíá ti rán mẹ́wàá tí èmi ṣì wà lórí mẹ́fà, mo wo ẹfun lọ́wọ́ ọ̀gá, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Mẹ́jọ." Mo rò pé bó bá di ọjọ́ kejì, màá sáré dí i. Nígbà tí ọjọ́ kejì dé, òmíràn ni mo fi kún un. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀wù méje tí kò sí níbì kankan láyé ti wà lórí pátákó lórúkọ mi.

Nílé, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Àyà mi á máa lù kìkì bí mo bá ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ kan láti ilé ẹlòmíràn.

"Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an?" ni ìyá mi bi mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Kò sí nǹkan kan."

"O ti rù báyìí, o ní kò sí nǹkan kan? Ṣe sùúrù o. Sùúrù ni baba ìwà."

"Ẹ bá mi sọ fún baba náà kó wá bá mi ránṣọ lọ́la," ni mo dáhùn, mo sì ti abọ́ oúnjẹ sẹ́yìn.

Ìyá mi wò mí títí. Kò nà mí, kò sì bú mi. Ó kó abọ́ kúrò nílẹ̀, ó wá lọ fi òróró pa ọwọ́ rẹ̀ tó ń ta á. Ojú tì mí, inú sì tún bí mi pé ojú tì mí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mò ń sọ yìí, lẹ́yìn tí ọ̀gá kọ mọ́kàndínlógún mi tán, ó kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n síwájú orúkọ Kíákíá. Kò pẹ́ sígbà náà, Kíákíá fa ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ tèmi.

"Tèmi ku márùn-ún péré," ló wí. "Ṣé kí n bá ẹ gé apá díẹ̀ nínú tìẹ? Mo rí i pé ẹ̀rọ ẹ ń dà ẹ́ láàmú."

Ọ̀gá wà nídìí tábìlì ńlá, ó ń wọn aṣọ. Ó gbọ́, ó sì ń wọn aṣọ rẹ̀ lọ.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" ni mo bi Kíákíá. "Ṣé kó o lè máa sọ kiri pé o rán tìẹ, o tún bá mi rán tèmi? Gbájú mọ́ tìẹ jàre!"

Ó wojú mi díẹ̀, ó ní, "Ó dáa," ó sì fa ìjókòó rẹ̀ padà. Ká ní mo gbà fún un ni, ibí ni ìtàn yìí ì bá parí sí.

Nígbà tí oòrùn kàn tàrí, olórí àwọn nọ́ọ̀sì pe ọ̀gá lórí fóònù. Mo gbọ́ tí ọ̀gá ń fi ẹ̀rín dá a lóhùn: "Ó ti ń parí, mà! Ó ku díẹ̀ báyìí. Ẹ má mikàn rárá." Bó ṣe pa fóònù, ó mú báàgì rẹ̀, ó ní òun ń lọ rí oníbàárà kan. Kíákíá náà jáde lọ wá nǹkan tó máa jẹ. Ó wá ku èmi àti ẹ̀wù méjìdínlógún tí n kò tíì fọwọ́ kàn.

Ọ̀gá ti gé ara gbogbo ẹ̀wù náà sílẹ̀ fún wa. Apá nìkan ló fi sílẹ̀ pé ká máa gé fúnra wa, nítorí ó ní apá lòun fi ń dá ẹni tó mọṣẹ́ mọ̀. Aṣọ náà lójú, ó sì lẹ́yìn: ojú rẹ̀ ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú. Bó ṣe kọ́ wa ni pé ká ṣẹ́ aṣọ po sí méjì, kí ojú kojú, ká wá gé méjèèjì pọ̀. Tí a bá ṣí i, ọ̀kan á jẹ́ apá ọ̀tún, ìkejì á jẹ́ apá òsì. Gígé kan fún ẹ̀wù kan. Bẹ́ẹ̀ ni Kíákíá ń ṣe tirẹ̀, kì í fo ọ̀kankan, pẹ̀lú bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá tó.

Gígé méjìdínlógún! Orí mi gbóná. Lórí tábìlì ńlá ni ẹ̀rọ agéṣọ tó ń lo iná wà, èyí tí ọ̀gá ti kìlọ̀ pé àwa ọmọ tuntun kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Abẹ rẹ̀ ń gba inú ogójì ìpele aṣọ kọjá láìrojú. Ọkàn kan ní kí n fi í sílẹ̀. Ọkàn kejì ní, "Ta ló máa mọ̀?" Ẹ̀yin náà mọ èyí tí mo gbọ́ tirẹ̀.

N kò ráyè ṣẹ́ aṣọ po. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mò ń tẹ́ léra, gbogbo ojú ló kọ sókè, wọ́n ń dán gbinrin. Ìpele mẹ́rìndínlógójì. Mo gbé bébà tí a fi ń wọn apá lé e lórí, mo fi ẹfun yí i ká, mo tan ẹ̀rọ. Kò tó ìdajì wákàtí, láti títẹ́ dé gígé, mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Mo rẹ́rìn-ín. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì, mo rẹ́rìn-ín tó dé ikùn mi.

Mo mú apá àkọ́kọ́, mo rán an mọ́ èjìká òsì. Ó jókòó dáadáa. Mo mú ìkejì fún ọ̀tún. Ó kọ̀. Ibi tó yẹ kó wà níwájú ló bọ́ sẹ́yìn. Mo yí i padà, ẹ̀yìn aṣọ tó ṣú wá yọ síta. Mo jù ú sílẹ̀, mo mú òmíràn. Bákan náà. Mo mú òmíràn, mo tún mú òmíràn. Apá ẹ̀wù kì í ṣe ìbọ̀sẹ̀ tí èèyàn lè wọ̀ sí ẹsẹ̀ tó bá wù ú. Nígbà náà ló wá yé mi. Nítorí pé n kò ṣẹ́ aṣọ po, nítorí pé gbogbo ojú ló kọ sókè, kò sí apá ọ̀tún kan ṣoṣo nínú òkìtì náà. Apá òsì mẹ́rìndínlógójì ni mo gé, aṣọ tí ilé ìwòsàn fún wa sì ti tán.

Ibi tí mo dúró sí ni ọ̀gá bá mi. Ó fọwọ́ ba ẹ̀rọ rẹ̀, ó ṣì gbóná. Ó mú apá kan, ó mú òmíràn, ó gbé e lé e. Ó mú ìkẹta. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń pọ́n bọ̀.

"Ta ló gé èyí?"

Òótọ́ wà lórí ahọ́n mi. Àmọ́ gbogbo ìbínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ti kóra jọ sí mi lọ́fun, ó ń wá ẹni tó máa bà lé, ó sì rọrùn fún un láti bà lé ẹni tí kò sí níbẹ̀.

"Kíákíá ni," ni mo wí. "Ó lóun fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà gbọ́ nígbà tó ń sọ ọ́ láàárọ̀. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa gé e nìyẹn."

Ọ̀gá rántí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rántí. Oore tí ọmọ yẹn fẹ́ ṣe fún mi ni mo fi ṣe ẹ̀rí mọ́ ọn.

Kíákíá wọlé lákòókò yẹn gan-an tòun ti búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó ti bù ú sí méjì. Ó gbé ìdajì kan sórí ẹ̀rọ mi, ó ní, "Jẹ ẹ́, o ò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀." Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rí ojú ọ̀gá.

"Máa lọ sílé yín," ni ọ̀gá wí fún un.

"Mà? Kí ni mo ṣe?"

"Mo ní máa lọ sílé yín! O fẹ́ ba tẹnìkejì ẹ jẹ́, kí ìwọ nìkan lè kù síbí, àbí? Apá òsì fún gbogbo ẹ̀wù! Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n gé bí ẹní mọ orúkọ ara ẹ̀!"

Kíákíá wo òkìtì apá ẹ̀wù náà. Ó wá wò mí. Ó ti yé e.

"Sọ òótọ́ fún wọn," ló wí jẹ́ẹ́.

"Òótọ́ ni mo sọ," ni mo dáhùn, ohùn mi kò tilẹ̀ gbọ̀n.

Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Ọ̀gá nu orúkọ rẹ̀ kúrò lórí pátákó, ó ku tèmi nìkan. Ohun tí mo ń wá láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, àmọ́ n kò lè fọwọ́ kan búrẹ́dì tó wà lórí ẹ̀rọ mi. Ọ̀gá ní kí n máa lọ sílé, kí òun lọ wo bóyá òun lè rí irú aṣọ náà rà níbì kan.

Ìyá mi bá mi nílé nírọ̀lẹ́, ó bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Irọ́ tí mo pa fún ọ̀gá náà ni mo tún pa fún un. Kí n tó sọ ọ́ tán, ìyá mi ti dìde dúró.

"Ọmọ wo ni? Níbo ni ilé wọn wà?" Obìnrin tó ń wàásù sùúrù fún mi láti kékeré ti ń wé ìborí mọ́rí gírígírí. "Ọmọ mi ò jẹun, ọmọ mi ò sùn, ẹnì kan wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń gé apá òsì fún un! Màá lọ bá ìyá tó bí i. Lónìí ni wọ́n á mọ̀ pé afọṣọ náà lẹ́nu!"

"Màmá, ẹ fi sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí n fi kí ni sílẹ̀? Wọ bàtà ẹ, ká lọ!"

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti fi ọwọ́ rẹ̀ tó bó yẹn mú ilẹ̀kùn. Mo rí i lọ́kàn mi bó ṣe máa dúró níwájú ìyá ẹni ẹlẹ́ni, tí á máa fi gbogbo ohùn rẹ̀ pariwo irọ́ mi bí ẹni pé òótọ́ ni.

"Èmi ni!" ni mo kígbe. "Màmá, èmi ni mo gé e! Kíákíá ò sí níbẹ̀ rárá!"

Ó yíjú padà. Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ẹkún o, pẹ̀lú ariwo ni. Ìbínú náà kò tíì tán. "Ẹ̀rọ tí wọ́n fún mi ò dáa! Wọ́n ń kó iṣẹ́ oníṣẹ́ fún mi! Wọ́n ń kọ mí sára ògiri! Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́yìn, kò sì sí ẹnì kan tó bi mí!"

"Ta lo sọ fún?" ni ìyá mi bi mí.

Ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó wá dúró níwájú mi.

"Mo ní ta lo sọ fún? Èmi bi ẹ́ nínú ilé yìí, o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ yẹn bi ẹ́, o bú u. Ọ̀gá ẹ dá ẹ lẹ́kun lẹ́ẹ̀kan, o ò padà lọ bá a mọ́. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé nígbà tó o máa wá la ẹnu, irọ́ lo fi gún ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ́ lóore." Ó tú ìborí rẹ̀, ó jókòó. "Tó bá di àárọ̀, a jọ ń lọ bá ọ̀gá ẹ."

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, mo dúró níwájú ọ̀gá, mo sì sọ ọ́. Mo sọ ti ẹ̀rọ agéṣọ, mo sọ ti Kíákíá, mo sọ ti ẹ̀wù méje orí pátákó. Ọ̀gá fi igi ìwọnṣọ lu tábìlì, èmi àti ìyá mi ta gìrì.

"Méjìlá! Méjìlá lo rán, o sì ń wò mí tí mò ń kọ mọ́kàndínlógún! Mo lé ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́ ẹ! Irú ọkàn wo lo ní? Ta ló kọ́ ẹ?"

Ìyá mi gbọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, ó mú un mọ́ra. Ọ̀gá bú mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, ó mú àjákù aṣọ kan, ó rán ìlà kan, ó rán ìkejì. Òwú já. Ó tún ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Òwú tún já.

"Ẹ̀rọ yìí ò dáa," ló wí.

"Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mà," ni mo dáhùn. Ìyá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde. Ọ̀gá mú báàgì rẹ̀, ó ní ká lọ sílé ìwòsàn.

Àwa mẹ́ta la jọ lọ bá olórí àwọn nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn. Ọ̀gá mi, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ bí ọmọ iléèwé.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí. "Ẹ̀wù mẹ́tàdínlógójì péré ló ti parí. Èyí tó kù ò lè bá Sátidé mọ́. Aṣọ tó bàjẹ́, èmi náà ni màá wá òmíràn."

Olórí àwọn nọ́ọ̀sì wo ìwé kan lórí tábìlì rẹ̀. "Mẹ́tàdínlógójì? Ó ju èyí tí mo nílò lọ. Ọgbọ̀n nọ́ọ̀sì ló máa wọṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọgbọ̀n yòókù, ó di oṣù tó ń bọ̀."

Ẹnu ọ̀gá là sílẹ̀. "Ẹ ò... ẹ ò sọ fún wa, mà."

"Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ pè yín lánàá nìyẹn. Kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ ti ní ó ti ń parí, ẹ ní kí n má mikàn, ẹ sì pa fóònù mọ́ mi létí. Ká ní ẹ sọ fún mi pé ẹ wà lẹ́yìn ni, ṣebí ǹ bá ti sọ fún yín pé kẹ́ ẹ rọra."

Mo wo ọ̀gá. Ọ̀gá kò wò mí. Inú bí mi lọ́jọ́ náà ju bó ṣe bí mi láti ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Èmi ń parọ́ fún ọ̀gá, ọ̀gá ń parọ́ fún olórí nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀wù tí wọ́n fẹ́ ti wà nílẹ̀ pé pérépéré kí n tó tan ẹ̀rọ agéṣọ rárá. Asán ni mo torí ẹ̀ ba ọmọlúàbí jẹ́.

Ìyá mi dúró síbi iṣẹ́ rẹ̀. Èmi àti ọ̀gá la lọ sílé àwọn Kíákíá. Ó wà níta, ó ń gbálẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ṣì í dá lẹ́jọ́, pé iṣẹ́ náà ti di tirẹ̀, kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. "Ẹ ṣé, mà," ni Kíákíá wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo kúnlẹ̀. "Jọ̀ọ́, má bínú."

"Mò ń bínú," ló dáhùn. "Bàbá mi ní olè àti abanijẹ́, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìyá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná. Mo ṣàlàyé títí, wọn ò gbà mí gbọ́. Nínú ilé tí wọ́n bí mi sí o!" Ó ju ọwọ̀ sílẹ̀. "Iṣẹ́ ló ń bá ẹ jà, èmi lo lù. Dìde lórí ilẹ̀. Má bẹ̀ mí mọ́. Wọlé lọ, kó o lọ sọ fún wọn."

Mo wọlé. Bàbá rẹ̀ pa rédíò. Mo sọ ọ́. Ó ní òun kò gbọ́ dáadáa, kí n tún un sọ kó lọ sókè, mo sì tún un sọ. Ìyá Kíákíá dìde láìwo ibi tí mo wà, ó jáde lọ bá ọmọ rẹ̀ níta.

Kíákíá ló ń rán ẹ̀wù mẹ́tàlélógún tó kù. Èmi wà nídìí ọpọ́n pẹ̀lú ìyá mi nílé ìwòsàn báyìí, títí n óò fi rí ṣọ́ọ̀bù mìíràn tó máa gbà mí, ọwọ́ tèmi náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ìyá mi ò sọ pé mo ba ìbúra òun jẹ́, àmọ́ mo mọ̀.

N kò sọ ìtàn yìí kí ẹ lè káàánú mi. Ìwọ tó ń kà á, bóyá iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ló ti pọ̀ jù ọ́ lọ, bóyá ìdánwò ti dé tí o kò tíì ka nǹkan kan. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí èèyàn wà lẹ́yìn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí inú bí ọ pàápàá, nítorí nígbà mìíràn wọ́n á rẹ́ ọ jẹ lóòótọ́. Àmọ́ sọ ọ́ jáde nígbà tó ṣì kéré. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, lọ bá ẹlòmíràn. Bí ẹnì kan bá sì na ọwọ́ sí ọ, gbà á. Ìbínú tí o bá gbé mì kò ní dúró síkùn, yóò jáde lọ́jọ́ kan, orí ẹni tí kò ṣẹ̀ ọ́ ni yóò sì sọ̀ sí.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Mo máa ń pàdé Kíákíá lójú ọ̀nà láàárọ̀ bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Mo máa ń kí i. Kò tíì dá mi lóhùn.